Ìbọn ńlá tí ebi ọta pa: Ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ fún iṣẹ́ rẹ̀

Nígbà tí ọdún 1970 fi máa dé, ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ olówó gọbọi tí wọ́n rọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ohun àgbékọ́ sára ògiri. Kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́. Irin wọn ṣì le, igi wọn ṣì ń dán. Ọta tí wọ́n ń jẹ ni kò sí lọ́jà mọ́. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ṣòwò, ìbáà jẹ́ atẹ̀wé tàbí ẹni tó ń lọ ata, ẹ̀kọ́ wà fún un nínú ìtàn náà.

Ìbọn tí ọ̀rọ̀ kàn yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pa òkété. Erin, ẹfọ̀n àti kìnnìún ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹlẹ́nu méjì, tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ohun ìyìnbọn tirẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á dún lójú ẹsẹ̀ kí ẹfọ̀n tó ká ọdẹ mọ́. Ìkejì ni ẹlẹ́nu kan, tí ọdẹ máa ń fi ọwọ́ fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọta mìíràn tó bọ́ sí ipò. Ẹlẹ́nu méjì ló wọ́n jù, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rọ ọ́, ó sì lè gbà ju ọdún kan lọ. Èyí tó gbayì láti ilé-iṣẹ́ Holland & Holland, tí oníṣòwò tábà kan, Harris Holland, dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1835, lè ju 100,000 pọ́n-ùn lọ lónìí.

Òjé tí ìbọn .470 ń yọ jáde wúwo tó gíráàmù 32. Ti .600 tó gíráàmù 58. Bí ìbọn náà ṣe ń ta síwájú ló ń ta padà sí èjìká ẹni tó yìn ín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ṣe é kó wúwo tó nǹkan bí kílò márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìwúwo rẹ̀ lè gba díẹ̀ nínú agbára tó ń ta padà náà. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ máa fi dánra wò déédéé. Gbogbo ìgbà tó bá sì dún, owó ló ń jó.

<b>Oúnjẹ ìbọn</b>

Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ kì í ṣa oúnjẹ jẹ. Wọ́n á rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á ki ọta tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò gé fún wọn, ó parí. Ìbọn ńlá òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Kátíríìjì ló ń jẹ, ìyẹn kòròfo idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, tí òjé sì dí lẹ́nu. Nọ́ńbà bíi .470 ń sọ bí òjé náà ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn bí ìdajì ínṣì ó dín díẹ̀. Bí kátíríìjì bá fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìbọn, kò ní wọlé, tàbí kó ṣe ẹni tó yìn ín léṣe.

Lọ́dún 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìbọn ọdẹ .450 ní Íńdíà àti Sudan. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọta rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ní ìbọn ológun àtijọ́ tó jẹ́ .450. Bí ọjà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn gbójú lé ṣe bàjẹ́ lójijì nìyẹn. Kálukú bá sáré ṣe ìwọ̀n mìíràn. Holland & Holland ṣe .465, Westley Richards ṣe .476, oníkálukú sì di tirẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n Joseph Lang, tó ṣe .470, jẹ́ kí gbogbo alágbẹ̀dẹ ìbọn lò ó.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè sọ pé Lang kò gbọ́n. Ta ló ń fi ohun tó fọpọlọ ṣe ta àwọn tí wọ́n jọ ń dupò lọ́rẹ? Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe ń rọ ìbọn .470 ni ọta rẹ̀ ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọta rẹ̀ sì ṣe ń pọ̀ ni àwọn ọdẹ túbọ̀ ń béèrè rẹ̀. Òun ló wá gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó jáde lẹ́yìn òfin náà.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. John Rigby, ilé-iṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1775, mú .416 jáde lọ́dún 1911, ó sì dì í mú. Holland & Holland mú .375 jáde lọ́dún 1912. Òun náà kọ́kọ́ dì í mú, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó tú u sílẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 1937, Winchester ti Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìbọn .375 tí kò gani lówó. Lónìí, ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé ló ń ṣe ọta .375, àwọn orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ Áfíríkà sì fi í sínú òfin pé òun ló kéré jù tí ọdẹ lè fi dojú kọ ẹran tó léwu.

<b>Nígbà tí ọta dáwọ́ dúró</b>

Kynoch ní Birmingham ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọta ìbọn ńlá wọ̀nyí. Íńdíà gba òmìnira lọ́dún 1947, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì gba tiwọn ní nǹkan bí ọdún 1960. Àwọn òyìnbó tó ń ra ìbọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Lọ́dún 1956, Winchester tún gbé .458 jáde nínú ìbọn ẹlẹ́nu kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́nu méjì. Ọjà Kynoch rọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, ó ń dá wọn dúró níkọ̀ọ̀kan títí tó fi parí. Ẹni tó bá ṣì ní páálí ọta kan nílé wá ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ góòlù.

Winchester náà ní ìṣòro tirẹ̀. Wọ́n gé kòròfo .458 kúrú, wọ́n wá ki ẹ̀tù há a. Nígbà mìíràn ẹ̀tù náà á dì, ọta kò sì ní lágbára tó. Ará Amẹ́ríkà kan, Jack Lott, tí ẹfọ̀n ṣe léṣe ní Mòsáńbíìkì lọ́dún 1959, ṣe èyí tó gùn jù ú lọ lọ́dún 1971. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ìbọn .458 Lott lè yin ọta .458 Winchester. Ẹni tó bá wà níbi tí ọta tuntun kò dé, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á gbà á sílẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Federal ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọta .470. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọta tí wọ́n kọ orúkọ Kynoch sí tún padà sọ́jà láàárín àwọn ọdún 1990. .416 náà padà dìde nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn àti ọta rẹ̀. Ohun tí Rigby dì mú, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló padà sọ jí. Ní ti .476, ẹni tó jogún rẹ̀ ṣì ní láti wá àwọn péréte tó ń ṣe ọta rẹ̀ kiri, kó sì san iye tí wọ́n bá pè é.

<b>Ohun tó kan oníṣòwò</b>

Ẹ̀rọ tó rẹwà jù ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló máa ń pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Kí oníṣòwò tó sanwó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ, iye ibi tó ti lè rí i rà, àti iye tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń tà á, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ kò dán tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí kò sí ọjà tí èèyàn dé tí kò ní rí páàtì rẹ̀, lè mówó wọlé jù ú lọ.

Ẹni tó ń ṣe ọjà tirẹ̀ náà ní ohun tó máa rò. Kò burú kó dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá oníbàárà rẹ̀ lè rí ohun tó máa fi lò ó bí òun kò bá sí nítòsí. Lang kò dá nìkan jẹ èrè .470, síbẹ̀ .470 ṣì ń dún títí dòní.