Àìbáramu àwo alágbàsílẹ̀ nínú àkójọ eré orí tẹlifíṣọ̀n

Àìbáramu àwo alágbàsílẹ̀ ni ìṣòro tí ó máa ń wáyé nígbà tí àwo DVD tàbí síídì tí a fi kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ mìíràn kọ kò bá ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ DVD kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìbàjẹ́ kankan lára àwo náà. Ó máa ń hàn jù nínú àkójọ eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí a ń tà nínú àpótí kan pẹ̀lú àwo púpọ̀. Bí àwo kan ṣoṣo bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìtàn náà já láàárín, owó tí a fi ra àpótí náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfò. Ọ̀pọ̀ olùrà a máa gbà pé ayédèrú ni àwo tí ó kọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwo alágbàsílẹ̀ ni ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ayédèrú ni àwo alágbàsílẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe àwo

Àwo DVD fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì nípọn ní mílímítà 1.2. Ìmọ́lẹ̀ lésà pupa tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nànómítà 650 ni ẹ̀rọ fi ń kà á. Ti síídì jẹ́ nànómítà 780. Lésà náà ń tàn sí ara àwo, ẹ̀rọ sì ń wo bí ìmọ́lẹ̀ tí ó padà wá ṣe ń lágbára tàbí dínkù. Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń di àwòrán àti ohùn.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà fi iṣẹ́ sí ara àwo. Àwo títẹ̀ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń tẹ ihò wínníwínní sí ara ike rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń lu òǹtẹ̀, kí wọ́n tó fi alumíníọ́mù bò ó. Iye owó tí a ń ná láti ṣe òǹtẹ̀ náà pọ̀, nítorí náà ọ̀nà yìí dára fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà.

Àwo alágbàsílẹ̀ kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Aró ni a tẹ́ sí inú rẹ̀. Lésà tí ó lágbára ju ti kíkà lọ ń mú aró náà gbóná, ojú ibi tí ó bá gbóná á sì yí padà, tí kò ní dán bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí ń ka àwo náà gbà pé àmì gbígbóná yìí dọ́gba pẹ̀lú ihò. Ìfarajọra ni èyí, kì í ṣe ohun kan náà, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìdí tí ẹ̀rọ fi ń kọ àwo sílẹ̀

Ìdí kìíní ni ìmọ́lẹ̀ tí kò tó. Àwo títẹ̀ onípele kan ń dá ó kéré tán ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Àwọn àwo DVD-RW àti DVD+RW, tí a lè pa ohun inú wọn rẹ́ kí a sì tún wọn kọ, ń dá nǹkan bí ìdá 18 sí 30 padà. Ẹ̀rọ àtijọ́ lè ṣi irú àwo bẹ́ẹ̀ mú fún àwo títẹ̀ onípele méjì, kí ó máa wá ìpele kejì tí kò sí.

Ìdí kejì ni ìyapa láàárín àwọn tí ó gbé ìlànà kalẹ̀. DVD-R, tí ilé-iṣẹ́ Pioneer kọ́kọ́ gbé jáde ní 1997, wà lábẹ́ ẹgbẹ́ DVD Forum. DVD+R dé ní 2002 láti ọwọ́ ẹgbẹ́ mìíràn tí Philips àti Sony wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwo kọ̀ọ̀kan ni àmì kan wà tí ó ń sọ irú àwo tí ó jẹ́. Ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú DVD+R lè má mọ àmì rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn ẹ̀rọ ìkọ̀wé-sáwo kan lè yí àmì náà padà kí DVD+R máa pe ara rẹ̀ ní àwo títẹ̀.

Ìdí kẹta ni pé a lè má ti àwo náà pa lẹ́yìn tí a kọ ọ́ tán. Àwo tí a kò tì pa lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ó kọ ọ́, kí ó má ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Ìdí kẹrin kò kan aró rárá, àwo títẹ̀ náà a sì máa ní in. Bí ohun tí ó wà lórí àwo bá jẹ́ fáìlì kọ̀ǹpútà bíi DivX, ẹ̀rọ DVD tí kò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò lè fi í hàn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbègbè: a pín ayé sí àgbègbè fún títa DVD, Nàìjíríà wà ní àgbègbè 5, Brítéènì ní àgbègbè 2, Amẹ́ríkà ní àgbègbè 1. Àpótí tí ẹbí kan fi ránṣẹ́ láti London tàbí Houston lè jẹ́ ojúlówó pátápátá kí ẹ̀rọ ilé ní Èkó sì kọ̀ ọ́. Ìlànà àwòrán Amẹ́ríkà, NTSC, tún yàtọ̀ sí PAL tí Nàìjíríà ń lò, èyí tí ó lè mú kí àwòrán di dúdú àti funfun tàbí kí ó máa yí gbirigbiri.

Ìdí tí eré àtìgbàdégbà fi ń jìyà jù

Eré tí sáà rẹ̀ kan ní apá 22, tí apá kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 42, gba wákàtí tí ó lé ní 15. Àwo alágbàsílẹ̀ onípele kan gba gígábáìtì 4.7, tí ó jẹ́ bíi wákàtí 2 fún àwòrán tí ó dára; sáà kan yóò sì gba àwo bíi 8. Àwo onípele méjì gba gígábáìtì 8.5, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ máa ń kọsẹ̀ níbi tí lésà ti ń kọjá láti ìpele kan sí èkejì. Bí àwo bá ti ń pọ̀ sí i nínú àpótí ni ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn kọ̀.

Àwo alágbàsílẹ̀ nínú àpótí ojúlówó

Ní oṣù kẹta 2009, ilé-iṣẹ́ Warner Bros. dá Warner Archive Collection sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa ta àwọn fíìmù àtijọ́ tí olùrà wọn kò pọ̀. Eré orí tẹlifíṣọ̀n náà sì wà lára ohun tí wọ́n tà níbẹ̀. Dípò kí wọ́n tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, orí àwo DVD-R ni wọ́n ń kọ ọ́ sí nígbà tí ẹnìkan bá rà á. Wọ́n kìlọ̀ lára páálí pé a retí kí àwo náà ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí kì í ṣe ju kíkà lọ, àti pé ó lè má ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ agbàwòrán-sílẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà ló tà á, síbẹ̀ aró ni a fi kọ ọ́. Láìsí ọ̀nà yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí ni ìbá má tíì dé orí àwo.

Alaba àti agbègbè Abúlé Adó

Abúlé Adó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin ní ìpínlẹ̀ Èkó, nítòsí Festac Town àti ọgbà Trade Fair, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Badagry. Ọjà Alaba International, ibùdó ńlá fún ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àti fíìmù, kò jìnnà síbẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ojo. Ọjà yìí àti Idumota ní Lagos Island ni ọ̀pọ̀ fíìmù Nàìjíríà ti máa ń jáde sí ìgboro nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àti àwo gbòde.

Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni a fi ta Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992. Lẹ́yìn náà ni fídíò síídì gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Síídì kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, ìdí nìyí tí fíìmù kan fi sábà máa ń wà lórí àwo méjì. Nígbà tí DVD gbilẹ̀, àwo tí a kó ọ̀pọ̀ fíìmù tàbí odidi sáà eré òkèèrè sí lórí wọ́pọ̀ lórí àtẹ. Kí wákàtí 15 lè wọ inú àwo kan, a ní láti fún àwòrán náà pọ̀ títí yóò fi ṣú, tàbí kí a lo irú fáìlì tí àwọn ẹ̀rọ kan kò mọ̀. Púpọ̀ nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ kò ní ìyọ̀ǹda ẹni tí ó ni iṣẹ́, síbẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn jẹ́ àwo títẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ìdí èyí ni òfin fi tẹ̀lé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ àwo. Ìlànà tí Nigerian Copyright Commission gbé jáde ní 2006 sọ pé kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi àmì ìdánimọ̀ sí ara àwo. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tuntun, Copyright Act 2022, di òfin ní oṣù kẹta 2023.

Bí a ṣe lè dá àwo mọ̀

Ìsàlẹ̀ àwo títẹ̀ ń dán bí fàdákà. Ti DVD alágbàsílẹ̀ máa ń ní àwọ̀ elésè àlùkò tàbí búlúù, nítorí aró inú rẹ̀. Lára àwo títẹ̀, nítòsí ihò àárín, a sábà máa ń rí lẹ́tà IFPI pẹ̀lú nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí àwọn àmì wọ̀nyí ń sọ ni bí a ṣe ṣe àwo náà. Páálí àti orúkọ ẹni tí ó gbé e jáde ni a fi ń mọ̀ bóyá ó ní ìyọ̀ǹda.

Bí àwo kan bá kọ̀ nínú ẹ̀rọ kan, ó yẹ kí a dán an wò nínú ẹ̀rọ mìíràn kí a tó dá a padà tàbí kí a tó sọ ọ́ nù.

Ìtọ́jú

Ooru àti oòrùn máa ń ba aró jẹ́, nítorí náà àwo tí ó ṣiṣẹ́ lónìí lè má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ibi tútù tí oòrùn kò dé ni ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ sí, láì lẹ bébà mọ́ ọn, nítorí bébà tí kò dọ́gba ń mú kí àwo máa gbọ̀n nígbà tí ó bá ń yí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn eré Yorùbá tí ó ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n ṣáájú DVD, irú bíi Arélù àti Yánpọnyánrin ti Jimoh Aliu. Bí ẹ̀dà kan irú eré bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan lórí àwo alágbàsílẹ̀ nìkan, dídà á kọ sí ibòmíràn nígbà tí ẹ̀rọ ṣì lè kà á ni ọ̀nà tí ó dájú jù láti pa á mọ́.