Ìṣubú Lórí Òjò Dídì àti Bí A Ṣe Lè Dín Ìpalára Rẹ̀ Kù

 Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, kí ni ó kan àwa tí òjò dídì kì í bọ́ sí ilẹ̀ wa nínú eré tí a ń ṣe lórí rẹ̀? Èsì rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ọmọ wa ń bẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ a sì máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè olójò dídì. Ó yẹ kí òbí tí yóò fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda mọ ohun tí òun ń fọwọ́ sí.

Snowboard ni eré tí mo ń wí. Ní ọdún 1965, ní ìlú Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sherman Poppen so pátákó ìyọ̀ méjì pọ̀ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè fi ṣeré. Irú eré ọmọdé bẹ́ẹ̀ ni ó gbilẹ̀ títí ó fi wọ ìdíje Olympics ní Nagano, ilẹ̀ Japan, ní ọdún 1998.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni a ń dè mọ́ pátákó kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń rìn, bí ó bá fẹsẹ̀ kọ, a yára na ẹsẹ̀ kejì síwájú láti gbé ara rẹ̀ dúró. Ẹni tí a de ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò nà. Ọwọ́ ni yóò nà. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti gúnlẹ̀, gbogbo ìwúwo ara yóò já lé ọrùn ọwọ́, eegun a sì kán. Ìdí nìyí tí ọrùn ọwọ́ fi ṣíwájú nínú ibi tí eré yìí ti ń pa ènìyàn lára, àgàgà àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Àwọn tí ń fi pátákó méjì yọ̀, orúnkún ni tiwọn.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ eré yìí tí kò ní ṣubú. Nítorí náà, ìṣubú gan-an ni kí a kọ́kọ́ kọ́. Bí ó bá jẹ́ síwájú, kí a di ìkúùkù, kí a ká orúnkún, kí orúnkún àti apá láti ìgúnpá dé ọwọ́ sì jọ gba ìwúwo ara. Bí ó bá jẹ́ sẹ́yìn, kí a lóṣòó, kí a káwọ́ mọ́ àyà, kí a tẹ àgbọ̀n mọ́ ọrùn kí ìpàkọ́ má baà kanlẹ̀, kí a fi ìdí balẹ̀, kí a sì yí lọ sórí ẹ̀yìn. Ó rọrùn láti wí. Ṣùgbọ́n ara kì í gba ìmọ̀ràn lójijì, àfi bí a bá ti fi kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ìdè ọrùn ọwọ́ tí ó ní ike líle nínú tún ń ṣe ìrànwọ́ púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan kà á sí ohun ìtìjú. Èmi kò rò pé ìtìjú náà tó ti kí a fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ orí le ju èyí lọ. Pátákó ní etí méjì tí a fi irin ṣe. Èyí tí ó wà lápá òkè ni a ń tẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣèèṣì gún òjò dídì, pátákó yóò dúró gbọnin, ara yóò sì lulẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tí ó kọjú sí òkè, ìpàkọ́ ni yóò fi lulẹ̀. Èyí kò mọ sí ibi gíga; ó ń ṣẹlẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ ń lò. Kí a dé àṣíborí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, Natasha Richardson, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 45, ṣubú níbi tí ó ti ń kọ́ bí a ti ń fi pátákó méjì yọ̀ ní Mont Tremblant ní Quebec. Kò dé àṣíborí. Ó dìde, ó ní kò sí ohun tí ó ṣe òun. Nígbà tí ó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ; ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sí abẹ́ agbárí. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó kú. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá forí gbá ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi eré sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí a má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ó ń bì, tàbí tí oorun àìrotẹ́lẹ̀ ń kùn ún, ilé ìwòsàn ni kíá.

Àwọn tí ń fò sókè, kí wọ́n ṣọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Eegun kékeré kan ń kán níbẹ̀ tí a máa ń rò pé ẹsẹ̀ rọ́ lásán ni, àwòrán X-ray sì lè má fi í hàn. Kí aláìsàn sọ fún dókítà pé orí snowboard ni òun ti ṣubú.

Ẹni tí ó wà níwájú ní ìsàlẹ̀ ni ó ni ọ̀nà. Ẹni tí ń bọ̀ lókè ni kí ó yà fún un. Kí a yẹra fún ìdí igi tí òjò dídì jíjìn yí ká, nítorí ènìyàn lè rì síbẹ̀ kí ó má rí èémí mí. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń gbọ̀n ní ọ̀sán, kí ọmọ tú pátákó kúrò lẹ́sẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó kù.