Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ó ń pa abiyamọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà

Ikú orí ìkúnlẹ̀ kò pín dọ́gba ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2023, nínú ìbímọ 100,000, ìyá aláwọ̀ dúdú tí ó kú lé ní 50. Ti aláwọ̀ funfun kò pé 15.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi náà ru ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ìwádìí kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1997, àwọn dókítà Richard David àti James Collins fi hàn pé ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá tí ó ti Áfíríkà wá bí sí ìpínlẹ̀ Illinois súnmọ́ ti ọmọ aláwọ̀ funfun ju ti aláwọ̀ dúdú tí a bí sí Amẹ́ríkà lọ. Ní ọdún 2002, ìwádìí mìíràn fi hàn pé nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bí sọ́hùn-ún bímọ tiwọn, ìwọ̀n náà ti lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ní ọmọ lókè òkun yóò ronú sí èyí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ayé tí wọ́n ń gbé ni ó yàtọ̀.

Àjọ March of Dimes, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt dá sílẹ̀ ní ọdún 1938 nítorí àrùn rọpárọsẹ̀, ti fi ìdọ́gba láàrin ẹ̀yà kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti mọ ẹ̀tanú tí ó fara sin sí ọkàn wọn. Ó tún jà kí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí kò rí jájẹ, má ṣe fi abiyamọ sílẹ̀ mọ́ ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Òfin ọdún 2021 fàyè gba ọdún kan, ọ̀pọ̀ jùlọ ìpínlẹ̀ sì ti gbà á. Nínú àwọn ikú tí a yẹ̀ wò láti 2017 sí 2019, èyí tí ó ju ìdajì lọ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá ti sọ̀ kalẹ̀.