Bí Dókítà Ṣe Ń Kọ́ Láti Ka Àwòrán Ọpọlọ

Bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan bá ṣàdédé kú ní apá kan ní Kpankou, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́, àwọn kan a ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, inú ọpọlọ ni ó sì ti ń wá.

Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí iṣan ọpọlọ; nígbà mìíràn, iṣan náà ni ó bẹ́. Ojú lásán kò lè mọ èwo ni. Oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, tí a máa ń fúnni láàárín wákàtí 4 ààbọ̀, lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ẹ̀rọ scanner ya àwòrán orí ní ilé ìwòsàn ńlá.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó tú a máa hàn funfun. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, díẹ̀ ni ó fi ń ṣú ní wákàtí àkọ́kọ́. Ní ọdún 2000, àwọn dókítà Calgary, ní Kánádà, gbé ọ̀nà kan jáde: dókítà a bẹ̀rẹ̀ láti 10, a sì yọ 1 fún ibi kọ̀ọ̀kan tí ó ti bàjẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti lè kọ́ ọ, kí ó wo àwòrán aláìsàn, kí ó sì fi èsì rẹ̀ wé ti àwọn ọ̀gá. Ẹ̀yin náà rántí bí «b» àti «d» ti jọra tó kí ojú yín tó mọ̀ wọ́n.

Ẹ má fi àgbo dá aláìsàn dúró sílé. Ẹ wo aago tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Yóò béèrè rẹ̀.