Ojú fóònù àti kọ́míìkì: ta ló rán aṣọ, ta ló yá a wọ̀?

Ní òpin oṣù Òkudù ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ kan tí òwò rẹ̀ gbòógì jẹ́ ìtàn aláwòrán tí à ń kà lórí fóònù wọ ọjà ìpín ìdókòwò Nasdaq nílùú New York. Webtoon Entertainment lorúkọ rẹ̀. Gúúsù Kòríà ló ti ṣẹ̀ wá, lábẹ́ Naver, ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là 21 ni wọ́n ta ìpín kọ̀ọ̀kan, owó tí wọ́n sì rí kó jọ lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là. Nínú ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn olùdókòwò, wọ́n ní àwọn tó ń kà wọ́n lóṣooṣù tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 170.

Lójú ẹni tó dàgbà sínú ilé tí wọ́n ti ń já kọ́míìkì gbà lọ́wọ́ ọmọ pé kó lọ kàwé gidi, ìyàlẹ́nu ńlá ni. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ wo ti owó náà. Bí ohun tí wọ́n ń yà sórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe rí ọ̀nà wọ ojú fóònù tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni mo rò pé ó yẹ ká tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n wò ó. Ojú ewé kọ́míìkì Amẹ́ríkà fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17, ó sì ga tó 26. Ojú ọ̀pọ̀ fóònù kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Bí a bá fún ojú ewé náà pọ̀ kó lè gbà síbẹ̀, lẹ́tà inú rẹ̀ á kéré ju ìdajì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó ti ń lo dígí kò sì ní rí i kà. Bí a bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, lẹ́tà á hàn, àmọ́ a ò ní mọ àpótí àwòrán tó kàn mọ́. Bẹ́ẹ̀, odindi ojú ewé ni ayàwòrán rò papọ̀ kó tó gbé lẹ́ẹ̀dì rẹ̀: èyí tó tóbi kí ojú kọ́kọ́ bà lé e, àwọn wẹ́wẹ́ kí ìjà lè yára, àti àṣírí tó fi pamọ́ sẹ́yìn ewé kí a má rí i àfi tí a bá ṣí i.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ wá ọgbọ́n sí i dáadáa ní Amẹ́ríkà ni comiXology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 2007. Ní 2009 wọ́n gbé áàpù tí wọ́n fi ń ka kọ́míìkì lórí iPhone jáde. Ọgbọ́n wọn ni pé wọ́n máa ń sàmì sí àpótí kọ̀ọ̀kan lórí ojú ewé ṣáájú. Bí ònkàwé bá ti fọwọ́ kan fóònù, áàpù á gbé e láti inú àpótí kan bọ́ sí èkejì, á sì fẹ̀ ẹ́ kó kún ojú fóònù. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ nígbà tí àwòrán kan bá gba ojú ewé méjì tó kọjú síra, tí ọmọ ogun kún inú rẹ̀ bámú, ọgbọ́n yìí kò ràn án. Aṣọ àyálò ni, bí kò fún ni lápá, á ṣò léjìká.

Àwọn ará Jàpáànù kò jìyà tó bẹ́ẹ̀. Ìwé mángà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kéré, dúdú àti funfun ni, àpótí inú rẹ̀ kì í sábà pọ̀ lójú ewé kan. Kí fóònù olójú gbàràmù tó dé rárá ni wọ́n ti ń ka mángà lórí fóònù alábọ̀tìnnì níbẹ̀, àpótí kan lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí àjèjì gbọ́dọ̀ fi ara mọ́ ni pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí òsì.

Kòríà ló rán aṣọ tirẹ̀. Ọrọ̀ ajé ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní 1997, ọ̀wọ́n owó sì mú kí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kọ́míìkì kógbá sílé. Láàárín ìgbà yẹn kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì tó yá ń wọ ilé kiri. Àwọn ayàwòrán tí kò rí ẹni tẹ̀wé fún wọn mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ wọn sórí rẹ̀. Ní 2003 ni ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Kang Full bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìfẹ́ kan lórí Daum, ìkànnì kan níbẹ̀. Ìtàn náà kò pín sí ojú ewé rárá. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń lọ gbọọrọ, ònkàwé á kàn máa yí i bọ̀ wálẹ̀. Naver dá ibi ìka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tiwọn sílẹ̀ ní 2004. Ọdún mẹ́ta kí iPhone tó jáde nìyẹn o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni wọ́n rán aṣọ náà fún, fóònù ló wá bá mu rẹ́gí. Scott McCloud, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ti sọ nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 2000 pé kò sí ìdí tí ojú kọ̀ǹpútà fi gbọ́dọ̀ máa ṣe bí ewé bébà. Pé kí wọ́n wò ó bíi fèrèsé tí èèyàn lè gbà rí àwòrán tí kò lópin. Àwọn ará Kòríà ló fi í pa owó.

Nínú ìtàn tó ń lọ wálẹ̀ yìí, àyè tó wà láàárín àwòrán méjì ti di àkókò. Bí ayàwòrán bá fẹ́ kí á gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn tí ìyàwó sọ̀rọ̀ kan sí ọkọ, á fi àlàfo funfun gígùn sílẹ̀, àtàǹpàkò wa á máa fà á lọ láìrí nǹkan kan. Bí ẹnì kan bá ń já láti orí òkè ilé, wọ́n lè ya ìjábọ́ náà gùn ju fóònù lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Iwin tó yẹ kó dẹ́rù bani á fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ojú wa dé, àwa fúnra wa la ó fi ìka fà á jáde. Bébà kò lè ṣe èyí. Kódà Marvel, tó ti ní ibi ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2007, gbà fún wọn: ní oṣù Owéwe 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn tí wọ́n yà lọ́nà yìí jáde fún fóònù.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìtàn wọ̀nyí ló ní àwọ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni ìpín tuntun gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà tí Jang Sung-rak, ẹni tó ya ìtàn Solo Leveling, kú ní oṣù Agẹmọ 2022 nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú ọpọlọ rẹ̀, kò tíì pé ogójì ọdún. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní àìsàn kan ti ń bá a fínra tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ikú náà mú kí ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àṣekúdórógbó àwọn ayàwòrán gbòde kan ní Kòríà.

Ní ti dátà, ohun tó yẹ kí ará Nàìjíríà mọ̀ rèé. Àwòrán lásán ni ìtàn náà. Webtoon ní kí àwọn ayàwòrán tó ń gbé iṣẹ́ ara wọn síbẹ̀ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó pixel 800, kó má sì ga ju 1280 lọ. Áàpù á wá tò wọ́n pọ̀ tí a ò fi ní rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Bí a ṣe ń fà á ló ń lọ gbé ègé tó kàn wá. Ká ní ègé kan jẹ́ kílóbáìtì 200, tí ìpín kan sì ní ègé 50, mẹ́gábáìtì 10 ti lọ nìyẹn. Ìpín 100 á jó gígábáìtì kan. Ọ̀pọ̀ áàpù ló gbà kí èèyàn gba ìpín mélòó kan sórí fóònù ṣáájú, níbi tí Wi-Fi bá wà, kó wá kà á nínú gosílóò láìná kọ́bọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó yàtọ̀ síra. Kakao, tó ń bá Naver du ọjà ní Kòríà, ló sọ ọ́ di àṣà láti 2014 pé ẹni tó bá lè ní sùúrù á ka ìpín tó kàn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á á san owó. Shueisha, ilé ìtẹ̀wé ní Jàpáànù, gbé áàpù Manga Plus jáde ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2019: ọjọ́ tí ìpín tuntun bá jáde ní Tokyo ló ń jáde níbẹ̀, ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta tó kẹ́yìn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Lójú tèmi, èyí ń dènà àwọn tó ń jí mángà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ju ẹjọ́ lọ. Àwọn olè mángà rí ọjà tà tẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò ní ọ̀nà mìíràn tó bófin mu láti ka ohun tí Jàpáànù kà láàárọ̀ yẹn. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ náà ń ṣiṣẹ́: wọ́n ti Mangamura, ìkànnì kan tó ń gbé mángà tí wọ́n jí síta, pa ní 2018, ẹni tó ń darí rẹ̀ sì lọ sẹ́wọ̀n. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024, àwọn tó ṣe Tachiyomi, áàpù Android kan tí ọ̀pọ̀ fi ń ka mángà, pa iṣẹ́ tì lẹ́yìn tí Kakao fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn.

Ẹni tó bá sì sanwó, kó mọ ohun tó rà. Àṣẹ láti kà á ni, ìwé kọ́. Amazon ra comiXology ní 2014. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọjà kúrò nínú áàpù iPhone wọn, nítorí Apple ń gba ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2023, wọ́n pa áàpù náà rẹ́, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ Kindle. Ìwé àwọn èèyàn kò sọnù, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n tò ó sí ti wó láìsí ẹni tó bi wọ́n. Fáìlì CBZ yàtọ̀ ní tirẹ̀: àwòrán tí wọ́n dì pọ̀ bíi zip ni, ọ̀pọ̀ áàpù ìka kọ́míìkì lè ṣí i, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á padà. Bí ẹni tó ya ìtàn bá tà á báyìí, èyí ni kí ẹ rà.

Ilé wa náà kò gbẹ́yìn. Jide Martin dá Comic Republic sílẹ̀ ní Èkó ní 2013, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti fún èèyàn ní àwọn akọni wọn kà. Ìtàn Iyanu tí Roye Okupe kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Dark Horse bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 2021, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti fa ìlú, orúkọ àti aṣọ inú rẹ̀ yọ. Ó ti dé Cartoon Network ní oṣù Igbe 2025. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akọni wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ní 1967 ni ìwé ìròyìn Atọ́ka ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré àwọn ẹgbẹ́ tíátà jáde ní fọ́tò, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ẹnu òṣèré kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn fẹ́ńdọ̀ nígbà náà. Manga Plus ní èdè Thai, ó ní ti Indonesia, kò ní Yorùbá. Webtoon náà kò ní.

Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Nínú fáìlì ayàwòrán, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ọ̀tọ̀ ni àwòrán. Wọ́n lè yọ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n fi tiwa sí i láìfọwọ́ kan ìlà kan. Ìṣòro kan tó wà ni pé ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ kọ́míìkì kò ní ẹ àti ọ tó gba àmì ohùn lórí, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe irú lẹ́tà sì nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ìtàn wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ẹ̀dà Yorùbá, ìpín àkọ́kọ́ nìkan pàápàá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá a ò ní kà á.