Ojú Tí Àrùn Bá Nínú Oyún

Rùbẹ́là kì í pọ́n àgbà lójú. Ara á gbóná díẹ̀, nǹkan pupa wẹ́wẹ́ á sú, kókó á yọ lẹ́yìn etí, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ mẹ́ta ó ti lọ. Ìyá tó lóyún oṣù méjì lè lo parasitamọ́ kó sì gba oko iṣu lọ. Ọmọ inú rẹ̀ ni ọ̀ràn kàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje oyún ni dígí kékeré inú ẹyinjú ń kóra jọ. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá á gba ibi ọmọ kọjá, á wọnú dígí náà, awọ dígí á sì bò ó mọ́bẹ̀. Dígí ò ní mọ́ gaara mọ́. Á funfun bí omi ògì. Norman Gregg, oníṣègùn ojú ní Sydney, ló kọ́kọ́ so irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ rùbẹ́là ìyá, ní 1941. Bí ó bá mú ìyá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó lè tó 90 nínú 100 tí yóò ran ọmọ, etí àti ọkàn rẹ̀ náà sì wà nínú ewu. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún, ewu ọ̀hún kéré jọjọ.

Ikọ́ àti sísín ló ń gbé e kiri. Nígbà ọdún iṣu tuntun Ògìdì-Èlà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní oṣù June, tí ará Èkó àti Àbújá ń kó ọmọ wálé, ta ló fẹ́ ní kí aboyún má gbé ọmọ ọmọ ìyá rẹ̀? Abẹ́rẹ́ ló lè dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n kí oyún tó dé ni: a kì í gún aboyún ní i. October 2025 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ oṣù 9 sí ọdún 14 ní abẹ́rẹ́ tó pa èéyi àti rùbẹ́là pọ̀.

Ẹran tí kò jinná àti ìgbẹ́ ológbò náà lè kó àrùn tó ń dá egbò sẹ́yìn ẹyinjú ọmọ. Sífílísì ní tirẹ̀ lè dákẹ́ títí ọmọ á fi wọ iléèwé kó tó ba ojú jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ aboyún ní kílíníìkì nìyẹn, pẹnisílíìnì sì ń wò ó.

Àtọ̀sí kì í sábà ran ọmọ nínú oyún. Ojú ọ̀nà ìbí ló ti ń ran ọmọ. Bí ojú ìkókó bá wú tó ń da ọyún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má pè é ní apólò kí ẹ máa fún omi ọmú sí i. Ó lè lu ẹyinjú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ọmọlójú bá sì funfun, ẹ má dúró kó dàgbà. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ abẹ dára jù, torí ọpọlọ tí ojú ò bá fi nǹkan hàn lásìkò kì í kọ́ bí a ṣe ń ríran mọ́, bí dígí tilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà.