PÀṢÁN NÌKAN KÒ TÓ

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ tẹ́tí sí wa lónìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́. Kíláàsì mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, níbi tí àwọn ọmọ bí ọdún 11 sí 14 wà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọdé mọ́, wọn kò sì tíì di àgbà. Ojú ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń wò ju ojú olùkọ́ lọ. Bí ariwo bá sọ, pàṣán ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn olùkọ́ tuntun, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù a máa pa ẹnu ọmọ mọ́. Kì í ṣí i létí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Òfin ọdún 2004 sì mú ẹ̀tọ́ náà dé ọdún 9 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tí ó fi kan kíláàsì mẹ́ta tí a ń wí yìí. Ọmọ tí ó bá tìtorí ẹgba tàbí ẹ̀sín sá kúrò níbẹ̀, ẹ̀tọ́ yìí ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni èrè rẹ̀ bí ìjọba bá mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lójú ọ̀nà, tí olùkọ́ sì fi pàṣán dí ọ̀nà kan náà?

Kí ni kí olùkọ́ tuntun wá ṣe? Èkíní, kí iṣẹ́ ti wà lójú pátákó kí àwọn ọmọ tó jókòó. Kíláàsì tí kò rí nǹkan ṣe ni í pariwo. Èkejì, kí ó mọ orúkọ wọn. Ọmọ tí a pè ní "ìwọ ẹ̀yìn yẹn" lè fara pamọ́ sáàárín èrò. Ẹni tí a dárúkọ mọ̀ pé a ti rí òun. Ẹ̀kẹta, kí òfin rẹ̀ má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí ó sì mú wọn ṣẹ lórí gbogbo wọn, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe tẹ́ ọmọ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a tẹ́ yóò ṣagídí kí ojú má bàa tì í. Ẹni tí a pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yóò gbọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pàápàá kọ̀ kí a máa tẹ́ ọmọ tàbí kí a pa á lára.

A kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí. Ẹni tí ó bá ba nǹkan jẹ́, kí ó tún un ṣe. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó dúró ṣe é. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin òbí, ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ má ṣe fi olùkọ́ tuntun sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má sì pè é ní ọ̀lẹ nítorí pé kò mú pàṣán dání.